Ọdún Eṣú

Ọyẹ́ ti fá ètè gbogbo wa ní Gwagwaláda,
eruku jókòó sójú fèrèsé bí àlejò tí kò ní lọ mọ́.
Aago méje kò tíì lù, wọ́n ti tò sórí bẹ́ǹṣì,
àwọn àgbà tí a fẹ́ bi léèrè
ọgbọ́n tí wọ́n dá tí wọ́n fi gbó tí wọn ò gbẹ.

Iṣẹ́ tèmi kò ju abẹ́rẹ́ àti ìgò lọ.
Mo ń fa ẹ̀jẹ̀, mo ń kọ nọ́mbà,
mo ń tò ó sínú fíríìsà tó tutù ju ikú lọ,
mo sì ń bẹ àwọn oníná nínú ọkàn mi.

Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀. Fún un ní ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta,
yóò sọ ọjọ́ orí rẹ fún ọ,
kì í ṣe èyí tí ìyá rẹ kà,
iye ọdún tí ara fúnra rẹ̀ rò pé òun ti lò ni.
Dókítà Kyari ní ọ̀nà ti ń là:
eku kan wà nílé ìwádìí, ó yẹ kó ti kú,
ó ṣì ń gun àkàbà, irun rẹ̀ ń dán.
Ó ní lọ́jọ́ kan ogbó yóò dà bí ibà,
a ó máa lo oògùn sí i láàárọ̀, lálẹ́.
Mo rẹ́rìn-ín. Nílé wa, bí ọmọ bá kúnlẹ̀,
"wà á gbó, wà á tọ́" ni.
Ta ló mọ̀ pé inú ìgò ni àmín rẹ̀ yóò gbà wá?

Ìgbà náà ni Màmá Àsíbí wọlé,
igi ìdáná léjìká, bí àwọn Gbàgyí ṣe ń ṣe;
wọ́n ní orí lọba ara, a kì í di ẹrù ru ọba.
Mo ní kó rìn mítà mẹ́fà.
Aago ọwọ́ mi kò tíì mí, ó ti dé ògiri,
ó ń wẹ̀yìn wò mí pé ṣé ó tán.
Mo ní kó fọwọ́ fún irin yìí.
Ọwọ́ tó ti ń wa iṣu láti ìgbà ọmọge fún un: irin ké.

"Ọdún mélòó ni yín, Màmá?"
Mo bi í ní Haúsá tí mo kọ́ lọ́jà.
Ó wo àjà, ó wo ọwọ́ rẹ̀.
"Ọdún tí eṣú bo ọkà bàbà mọ́lẹ̀ ni wọ́n bí mi.
Lọ bi eṣú."

Ẹ̀rọ jẹun, ó ronú, ó tutọ́ ìdáhùn:
ọ̀kànlélọ́gọ́ta.
Àkọ́bí rẹ̀, ká ní ó wà láyé,
ìbá ti pé mẹ́tàlélọ́gọ́ta.

Dókítà fò bí ọmọdé tó rí ehoro.
Ó jókòó tì í, ó ń ṣàlàyé:
bí àṣírí yìí bá tú, a lè fi ogún ọdún kún ẹ̀mí,
ogún ọdún tí orúnkún kò ní dunni, tí ojú kò ní ṣú.
Màmá gbọ́ ọ tán. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.
"Ibi tí ẹ la títì ńlá yẹn gbà, oko iṣu bàbá mi ni.
Bí ẹ bá fún mi lógún ọdún,
ṣé ẹ ó fi ilẹ̀ díẹ̀ lé e?
Ọmọ mẹ́rin ni mo ti sin.
Nínú ogún ọdún yẹn, ta ni n ó máa bá jókòó?"

Kò sẹ́ni tó fèsì. Mo rántí bàbá tèmi ní Lùgbẹ́,
ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta,
orí ń fọ́ ọ láti ọjọ́ Àìkú, ó ní oòrùn ni.
Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ìbá gbà á sílẹ̀
kò wọ́n ju ife fúrá kan lọ;
ó wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ìdérí rẹ̀ kò tíì ṣí.
Bàbá mi kò nílò ọdún eku.
Alẹ́ kan péré.

Iná lọ. A ka mẹ́rìnlá kí jẹnẹrétọ̀ tó gbà.
Màmá Àsíbí ti gbé igi rẹ̀ padà séjìká,
mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu géètì, ó ń pa mẹ́gáàdì lẹ́rìn-ín.
Ní àyè ọjọ́ orí, mo tẹ̀ ẹ́: ọdún eṣú.
Kọ̀ǹpútà kọ̀ ọ́. Ó ní nọ́mbà lòun ń fẹ́.
Mo tún un tẹ̀.